Bí ará Ẹ̀pẹ́ ṣe lè fi kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ kọjá lórí òkè Alps

Ibi tó ga jù nínú ìlú Ẹ̀pẹ́ kò tó 100 mítà sókè omi ọ̀sà. Orí ọ̀nà Stelvio tó gba òkè Alps kọjá ní Ítálì jẹ́ 2757 mítà, ẹni tó bá sì gbéra láti Prato ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò gun bíi 1800 mítà lórí ọ̀nà kìlómítà 24 kó tó débẹ̀. Ẹni tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ tó tún ń padà lọ́jọ́ kan náà lè rò pé ẹsẹ̀ òun ti tó bẹ́ẹ̀. Ó sì lè tó lóòótọ́. Ohun tí kì í tó ni gíà, bíréèkì àti aṣọ òtútù. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń dá èèyàn padà lórí Alps, méjì nínú wọn kì í sì í fara hàn àfi ìgbà téèyàn bá ti gun òkè tán, tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn

Àwọn ọ̀nà tí à ń sọ yìí kì í dé ṣóńṣó òkè. Ibi tó rẹlẹ̀ jù láàárín ṣóńṣó méjì ni wọ́n ń gbà kọjá láti àfonífojì kan bọ́ sí èkejì. Lórí àwòrán ilẹ̀ àti pátákó ojú ọ̀nà, ẹ ó rí Col ní Faransé, Passo ní Ítálì, àti Pass níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì.

Ẹ má fi Stelvio bẹ̀rẹ̀. Grosse Scheidegg ní Switzerland ló yẹ ẹni àkọ́kọ́: 1962 mítà ni, láti Meiringen bọ́ sí Grindelwald, wọn kì í sì í jẹ́ kí mọ́tò aládàáni gba apá òkè rẹ̀. Kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀sì ìjọba ló ń kọjá níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba ọ̀nà àtijọ́ Tremola láti Airolo lọ sí orí Gotthard, 2106 mítà. Òkúta ni wọ́n tò sójú ọ̀nà náà, ó ń mi èèyàn, ó sì ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹ lo táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 28, ó kéré tán. 32 sàn jù. Ihò tí mọ́tò ń gbà kọjá lábẹ́ òkè kan náà gùn tó kìlómítà 17, wọn ò gba kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ rárá.

Nígbà náà ni kí ẹ wá kọjú sí Stelvio. Kọ́nà 48 ló wà ní apá Prato, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí wọn láti 48 nísàlẹ̀ títí dé 1 lókè. Láàárín ọdún 1820 sí 1825 ni Carlo Donegani la ọ̀nà náà, nígbà tí ẹṣin ló ń fa ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí gígùn rẹ̀ fi ń lọ déédéé: bíi mítà 7.4 sókè nínú 100 mítà tí ẹ bá rìn. Kò sí ibi tó le ju agbára lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tó dẹ̀ tó láti sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà tó ga jù nínú gbogbo ọ̀nà Alps tó kọjá láti àfonífojì sí àfonífojì, kó lọ sí Iseran ní Faransé, 2764 mítà.

Láti ìparí oṣù kẹfà dé àárín oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ fi ìrìn àjò sí. Yìnyín máa ń ti àwọn ọ̀nà wọ̀nyí pa láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà, ó sì lè bọ́ nínú oṣù kẹjọ pàápàá. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ọ̀nà ṣí, kí ẹ sì wo ojú ọjọ́ ti orí òkè, ẹ má fi ti ìlú ìsàlẹ̀ ṣe é. Àrá máa ń sán lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà tàbí méje àárọ̀, kí ẹ ti kúrò lórí òkè kí aago kan ọ̀sán tó kọjá.

Ẹ ka eyín gíà kí ẹ tó ka owó tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré tòkunbọ̀ ló ní eyín 52 àti 42 níwájú, tí èyí tó tóbi jù lẹ́yìn sì jẹ́ 23. Ẹ fi 23 pín 42, ẹ ó rí 1.83: bí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn ti yí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mejì. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń gòkè ní 8 nínú 100, eré tí ọ̀pọ̀ wa lè sá kò ju kìlómítà 8 ní wákàtí kan lọ. Lórí gíà yẹn, ẹsẹ̀ yóò máa yí ìgbà 35 ní ìṣẹ́jú kan, orúnkún ni yóò sì gba gbogbo ìyà rẹ̀. Kìlómítà mẹ́ta kò ní í tíì pé tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun èèyàn lábẹ́ eegun orúnkún.

Ẹ wá gíà tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ lè dọ́gba, bíi 34 sí 34. Lórí eré kan náà, ẹsẹ̀ yóò yí ìgbà 63, ìyẹn sì ni ohun tí ara lè ṣe fún wákàtí mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ òkè tòkunbọ̀ onírin wúwo, èyí tó ní gíà mẹ́ta níwájú, máa ń ní 22 níwájú àti 32 lẹ́yìn. Bí ẹ bá tiẹ̀ ń fà bọ̀ ní kìlómítà 6, ẹsẹ̀ ṣì ń yí tó ìgbà 69. Àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ eré máa ń fi irú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ yọ táyà oníkókó rẹ̀, ẹ fi èyí tó jọ̀lọ̀ sí i, ó sàn fún Alps ju kẹ̀kẹ́ olówó ńlá tí gíà rẹ̀ le lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gíà ẹ̀yìn sí èyí tó tóbi, ẹ kọ́kọ́ wádìí eyín tó pọ̀ jù tí irin tó ń ti ṣéènì láti eyín kan sí òmíràn lè gbé. Èyí tí apá rẹ̀ kúrú kò lè gbé 34, yóò máa ha mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ṣéènì. Ẹ gbé e sórí eyín tó tóbi jù níwájú àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn, láì kọ́kọ́ gba inú irin yẹn, ẹ wo ibi tó ti pàdé, kí ẹ sì fi ojú méjì kún un. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti gé e. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó bá fi ṣéènì àtijọ́ sílẹ̀ sórí gíà tuntun tó tóbi ti ṣe yín ní ibi: lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣèèṣì kó ńlá pọ̀ mọ́ ńlá, ṣéènì yóò fà le gan-an, yóò sì fa irin ẹ̀yìn ya. Ìdè kékeré kan tún wà tí wọ́n kọ L sí. Ẹ yí i títí ṣéènì yóò fi gun eyín tó tóbi jù láì lè kọjá rẹ̀, torí bó bá kọjá, inú sípókù ló ń bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò wákàtí. Bí èèyàn, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù bá jẹ́ kílò 85 lápapọ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń mú agbára 150 watt wá láì dáwọ́ dúró, 1000 mítà òkè yóò gbà ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ díẹ̀. Stelvio láti Prato yóò gba wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá bọ́ kílò márùn-ún kúrò nínú ẹrù, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ ó fi jèrè. Nítorí náà, ẹ yé náwó lórí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ yọ bàtà kejì kúrò nínú báàgì.

Ìgbáradì níbi tí kò sí òkè

Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú ń tan èèyàn jẹ. Lórí ọ̀nà Ìkòròdú sí Itoikin sí Ẹ̀pẹ́, kẹ̀kẹ́ máa ń yí fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ á sì sinmi láì jẹ́ kí ẹ mọ̀. Lórí òkè, bí ẹsẹ̀ bá dúró, kẹ̀kẹ́ dúró. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó kọ́ ni pé kí ẹ máa wa kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 60 láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró rárá. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di wákàtí méjì. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú ló dára jù. Ẹ wọ aṣọ tó ń tàn, ẹ tan iná ẹ̀yìn, bí ẹnì kan bá sì lè fi mọ́tò tẹ̀ lé yín, ẹ má kọ̀ ọ́, torí àwọn awakọ̀ tírélà kì í retí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́.

Atẹ́gùn ni òkè ẹni tó ń gbé etí omi. Ará Àgbádárìgì tàbí Ẹ̀pẹ́ tó bá kọjú sí atẹ́gùn òkun lọ́sàn-án ti rí ohun tó jọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fi gíà tó le sí i, ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ máa yí ìgbà 55 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ dín gíà kù lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mìíràn nínú ọ̀sẹ̀, ẹ máa gun ibi tó ga láti etí ọ̀sà wọ inú ìlú Ẹ̀pẹ́ ní àtúngùn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí okòwò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń sáré lórí òkìtì yàrà Sùngbọ́ ní Èrédò torí pé ó ga. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, amọ̀ rẹ̀ sì ń wó bí ẹsẹ̀ bá ti pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ wá ibòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni gbogbo èyí yóò gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tàbí kẹwàá, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sínú mọ́tò, ẹ lọ sí ọ̀nà Ìwàràjà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òkè gidi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n torí sísọ̀ ni kí ẹ lọ, torí ohun kan ṣoṣo tí atẹ́gùn òkun kò lè kọ́ yín ni bíréèkì. Ọkọ̀ ńlá pọ̀ lójú ọ̀nà náà, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ nìkan ni kí ẹ fi ṣe é.

Sísọ̀ kalẹ̀

Gbogbo agbára tí ẹ fi gun 1800 mítà yóò padà di ooru nígbà tí ẹ bá ń sọ̀. Afẹ́fẹ́ yóò gba díẹ̀, bíréèkì yóò gba ìyókù. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń di bíréèkì mú pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì rò pé òun ń ṣọ́ra. Òun gan-an ló wà nínú ewu jù, torí bíréèkì rẹ̀ kò ráyè tutù. Lórí kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ ń di rímù mú, rímù yóò gbóná débi pé tíúbù lè bẹ́. Lórí ti díìsìkì, páàdì yóò jóná, yóò máa dán bíi gíláàsì, kò sì ní í mú nǹkan mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sáré lórí ojú ọ̀nà tó tọ́. Bó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé kọ́nà, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró ṣánṣán, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì gírígírí títí eré yóò fi wálẹ̀ tó, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ kí ẹ tó dà sí ẹ̀gbẹ́. Nínú kọ́nà, ẹsẹ̀ tó wà níta yóò wà nísàlẹ̀, ẹ ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì wo ibi tí ẹ fẹ́ já sí. Ẹni tó bá ń wo irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, irin yẹn ló máa lọ bá. Ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ẹ má kọjá ilà àárín torí àtigé kọ́nà kúrú, alùpùpù kan lè máa bọ̀ níwájú.

Ẹ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjóná, tàbí tí ọwọ́ bíréèkì ń sún mọ́ irin ìdarí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dúró kíákíá kó tutù. Ẹ má da omi lé díìsìkì gbígbóná, yóò tẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo páàdì: bí ohun tó kù lára rẹ̀ kò bá ju mílímítà kan lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì mú méjì mìíràn dání. Rímù kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fi rọ́bà dì mú kò bá Alps mu rárá, lójú tiwa.

Ní Switzerland, ẹ ó rí pátákó aláwọ̀ aró tí wọ́n ya fèrè aláwọ̀ ìyeyè sí. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì ìfìwéránṣẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè rẹ̀ ní kọ́nà, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́. Òun ló ni ọ̀nà, ohun tí awakọ̀ rẹ̀ bá sì ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ ṣe. Ihò kéékèèké tí ọ̀nà ń gbà kọjá nínú òkè pọ̀, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn kò ṣeé fi sílẹ̀ lọ́sàn-án gan-an.

Òtútù

Fún 1000 mítà tí ẹ bá gùn, ojú ọjọ́ máa ń tutù tó ìwọ̀n 6 sí 7. Bí Bormio, ìlú kan nísàlẹ̀ òkè náà, bá ní 20, 10 lè pàdé yín lórí Stelvio. Ìyẹn kò burú fún ẹni tó ń làágùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọ̀ lórí eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, 10 yẹn yóò máa ṣe ara bíi 5, aṣọ tó ti rẹ fún òógùn yóò sì tún fi kún un. Ìka ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń kú, ìka ló sì ń tẹ bíréèkì. Ará Ẹ̀pẹ́ tí kò tíì gbé ibi tó tutù ju ọyẹ́ lọ kò lè fojú inú wo bó ṣe máa ń rí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti dé òkè, kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ wọlé síbi tí kò sí atẹ́gùn, ẹ bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì tó rẹ, ẹ wọ gbígbẹ. Ẹ fi ẹ̀wù tí atẹ́gùn àti òjò kò lè wọ̀ lé e, ìbọ̀wọ́ tó bo gbogbo ìka, àti fìlà fẹ́lẹ́ lábẹ́ àṣíborí. Bí kò bá sí ẹ̀wù tó tó, ìwé ìròyìn tí ẹ tẹ́ sí àyà lábẹ́ aṣọ ń dá atẹ́gùn dúró dáadáa. Kò pọn dandan kí ẹ ra tuntun: ọjà òkìríkà kún fún ẹ̀wù òtútù tí kò sẹ́ni tó ń rà á l'Ékòó. Ẹ yan èyí tó fẹ́lẹ́, tó ṣeé ká sínú àpò, tí síìpù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Oòrùn òkè náà le ju bó ṣe ń rí lára lọ. Awọ dúdú ń jó, ètè sì ń là. Òrí dára fún ètè nítorí atẹ́gùn, ṣùgbọ́n kò tó fún oòrùn. Ẹ ra ìpara ìdáàbòbò.

Jíjẹ àti mímu

Ẹ máa jẹ nǹkan tó ní gíráàmù 50 sí 60 súgà tàbí sítáàṣì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó o, dàbínù kéékèèké mẹ́wàá náà tó o. Dàbínù kì í bàjẹ́ nínú àpò, láti ilé ni kí ẹ ti mú un. Fún omi: lítà kan, ṣíbí ìjẹun súgà mẹ́rin tí kò ga, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ mu ìdajì lítà ó kéré tán ní wákàtí kan, bí òùngbẹ ò tiẹ̀ gbẹ yín, torí òtútù máa ń fi òùngbẹ pa mọ́. Ẹ̀rọ omi wà ní àwọn abúlé. Eau potable, acqua potabile àti Trinkwasser, mímu ni. Bí ẹ bá rí non tàbí kein níwájú rẹ̀, ẹ má mu ún.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn

Grand Col Ferret, 2537 mítà, láàárín Ítálì àti Switzerland, ló dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Apá kan ni lára ìrìn yíká òkè Mont Blanc, ẹ kò sì ní í dá wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Great St Bernard, 2469 mítà, náà wà: ilé àlejò tí àwọn àlùfáà dá sílẹ̀ lókè níbẹ̀ ti wà láti ọ̀rúndún kọkànlá.

Ìṣirò àsìkò: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí ẹ tún fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà òkè kọ̀ọ̀kan. Kìlómítà 12 tó gun 900 mítà yóò gba bíi wákàtí mẹ́rin, láì ka ìsinmi. Wákàtí tó wà lára pátákó aláwọ̀ ìyeyè Switzerland náà kò ka ìsinmi. Pátákó ìyeyè lásán jẹ́ ọ̀nà rírọrùn. Àmì funfun-pupa-funfun jẹ́ ọ̀nà òkè, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró dáadáa. Funfun-aró-funfun kì í ṣe tiyín, okùn àti irinṣẹ́ ni wọ́n fi ń gun ún.

Ẹ fi àtẹ̀gùn ilé ṣe ìgbáradì. Àjà kan sí èkejì jẹ́ bíi mítà 3, ilé alájà mẹ́ta nígbà mẹ́wàá ti di 90 mítà. Ẹ gbé báàgì kílò 8, kí ẹ sì ka sísọ̀ náà sí iṣẹ́, torí sísọ̀ ló ń jẹ́ kí itan dunni lọ́jọ́ kejì. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, dára fún àṣekágbá.

Ní oṣù kẹfà àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, yìnyín àtijọ́ ṣì máa ń wà ní ibi tí oòrùn kì í dé. Láàárọ̀, ó le bí òkúta. Ẹ fi gìgísẹ̀ bàtà gbá a: bí kò bá wọlé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ padà. Bí ẹ bá pàdé ajá funfun ńlá tó ń ṣọ́ àgùntàn, ẹ yí agbo ká pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́; bó bá jẹ́ orí kẹ̀kẹ́ lẹ wà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sáàárín yín àti ajá náà. Ẹ má sáré.

Láti 2500 mítà lọ sókè, ẹ̀fọ́rí àti èébì lè jẹ́ àìsàn òkè, pàápàá bí ẹ bá sùn síbẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ni 112; ní Switzerland, 1414 ni ti ọkọ̀ òfurufú agbàlà. Bí fóònù ò bá lọ, ẹ fi iná tàbí fèrè ṣe àmì mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un ṣe.

Ìwé àti ẹrù

Físà Schengen kan ló kárí Faransé, Ítálì, Switzerland àti Austria. Wọ́n ń gba ìwé rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ 15. Ìbánigbófò tí wọ́n ń béèrè gbọ́dọ̀ kárí €30,000, ṣùgbọ́n ẹ ka inú rẹ̀ bóyá ó gba ìrànlọ́wọ́ lórí òkè àti kẹ̀kẹ́ gígùn. Owó hẹlikóputà ní Switzerland, ẹni tí wọ́n gbé ló ń san án.

Yíyá kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀ òkè, ní ìlú bíi Bormio tàbí Bourg-d'Oisans, sàn ju gbígbé tiyín wọ ọkọ̀ òfurufú lọ fún ẹni tó ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ mú ìjókòó àti pẹ́dálì tiyín dání, kí ẹ sì sọ eyín gíà tí ẹ fẹ́ fún wọn kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ tiyín lẹ ń gbé, ẹ rántí pé pẹ́dálì òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí i sí kó tó tú. Ẹ jò lára atẹ́gùn táyà, ẹ yí irin ìdarí sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi igi tàbí ike há àárín fọ́ọ̀kì kó má baà tẹ̀. Báńkì iná fóònù kò gbọdọ̀ wọ ẹrù abẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé e.